Orí Keje: Wíwá Àléébù Rí Lórí Linux, àti Fífi Í Sun Ẹni Tó Lè Tún Un Ṣe

Orí kẹfà kọ́ wa bí a ṣe ń fi Linux sórí kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń fi ètò tuntun kún un. Èyí tó kàn ni ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

Àwọn tó ń ṣe Linux kì í ṣe aládùúgbò wa. Láti orílẹ̀-èdè Finland ni Linus Torvalds ti kéde kernel rẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló náwó sí Ubuntu tó kọ́kọ́ jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2004. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ń bá iṣẹ́ náà lọ lónìí, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ẹni tó ń kọ èdè Yorùbá lójoojúmọ́ nínú wọn. Nítorí náà, bí àmì ohùn bá ń yẹ̀ kúrò lórí ẹ, àwa tí a ń gbé láti Lẹ́kkí títí dé Ajah la máa rí i, kì í ṣe àwọn. Bí a bá dákẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ka orí yìí sí pàtàkì nìyẹn, mo sì rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe ń kà á.

Ṣé inú ètò ló ti wá?

Kí a tó dá ètò lẹ́bi, ó yẹ ká kọ́kọ́ yẹ àwọn nǹkan tó yí i ká wò. Ní agbègbè wa yìí, iná ni àkọ́kọ́. Ẹnìkan á wá bá yín, á ní Linux òun máa ń kú fúnra rẹ̀. Ẹ má tíì gbà, ẹ má sì tíì jiyàn. Ẹ ní kó ṣí terminal, kó tẹ àṣẹ yìí:

journalctl -b -1 -e

Ohun tí yóò jáde ni ìparí àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣe kí ó tó kú, ìyẹn kí wọ́n tó tún un tàn. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn tàbí ètò kan ló pàṣẹ kí ó kú, ẹ ó rí bí systemd, ètò tó ń darí àwọn iṣẹ́ inú Linux, ṣe ń dá iṣẹ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà lórí ìlà, títí dé òpin. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ lójijì, tí kò sí inverter tàbí bátìrì tó gbà á, kò ní sí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ á kàn gé sáàárín iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Kọ̀ǹpútà tó gan, tí olóhun wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pa, náà máa ń fi àkọsílẹ̀ gígé sílẹ̀. Èyí tó gbóná jù tó sì kú lójijì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ nìkan kò lè ṣèdájọ́, ẹ gbọ́dọ̀ bi olóhun léèrè: ṣé ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí àwòrán dúró sójú rẹ̀ tí máòsì kò lọ tí kò bọ̀? Ṣé fáànù yàrá dúró ní ìṣẹ́jú kan náà? Bí ó bá jẹ́ laptop tí bátìrì rẹ̀ ṣì gbé agbára dáadáa ni, a jẹ́ pé ọwọ́ NẸ́PÀ mọ́ nínú rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ìkejì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Gánà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá fi ọjọ́ yẹn tú Wi-Fi Linux rẹ̀ palẹ̀, wàhálà lásán ló ṣe. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ yín jù. Ẹ fi àṣẹ ping kí router tó wà nínú ilé. Bí ó bá dáhùn, Wi-Fi yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá ping 1.1.1.1, nọ́ńbà kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá dáhùn, lẹ́yìn router ni ìṣòro wà, iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni kí ẹ pè. Bí nọ́ńbà bá dáhùn ṣùgbọ́n tí orúkọ bíi debian.org kò dáhùn, ọ̀rọ̀ DNS, tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, ni, àṣẹ resolvectl status sì lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ̀ǹpútà yín ti ń béèrè orúkọ.

Aago ni ìkẹta, òun ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní Windows àti Linux lórí laptop kan ṣoṣo. Bí ẹ bá kúrò nínú Windows tí ẹ bọ́ sínú Linux, aago á fi wákàtí kan yá. Linux á tún un ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá wá padà sínú Windows, aago á fi wákàtí kan lọ́ra. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ ti kú. Ṣùgbọ́n bátìrì tó kú kì í yan wákàtí kan géérégé ní gbogbo ìgbà. Iye tí aago fi yẹ̀ gan-an ni ẹlẹ́rìí. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, a kì í sì í yí i padà láàárín ọdún. Linux gbà pé UTC ni aago inú ẹ̀rọ ń kà, Windows gbà pé aago ìlú tí ẹ wà ló ń kà, olúkúlùkù sì ń tún un ṣe sí ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó wà ní London nígbà òtútù kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó wà ní Nairobi á rí wákàtí mẹ́ta. Ẹ tẹ timedatectl, kí ẹ fi ìlà tó ń sọ RTC (aago inú ẹ̀rọ) wé èyí tó ń sọ UTC, ẹ ó rí i fúnra yín. Àṣẹ timedatectl set-local-rtc 1 lè mú kí Linux tẹ̀ lé Windows, bó tilẹ̀ jẹ́ pé timedatectl fúnra rẹ̀ á kìlọ̀ fún yín pé ọ̀nà náà ní ewu tirẹ̀. Kò sí àléébù tí a fẹ́ fi sun ẹnikẹ́ni níbí yìí. Ètò méjì ló ṣe ìpinnu tó yàtọ̀ síra, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n sì ń lò.

Lẹ́kkí tí ojú rí tí kọ̀ǹpútà kò rí

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú èyí tó jẹ́ tiwa. Ẹ ronú nípa ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ajah, irú èyí tó wà lójú ọ̀nà Badore àti ọ̀nà Addo, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti orin ìsìn. Ènìyàn méjì ló ń tẹ̀wé níbẹ̀. Wọ́n ní fáìlì kan tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì àwọn oníbàárà sí, wọ́n sì ń fi àmì ohùn sí i bó ti yẹ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá fẹ́ mọ iye oníbàárà tó wà ní Lẹ́kkí. Ó tẹ:

grep -c "Lẹ́kkí" adiresi.txt

Nọ́ńbà tó jáde kéré sí iye tí òun fúnra rẹ̀ lè fi ojú kà nínú fáìlì náà. Ó tún un tẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni. Ohun tó máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn ni pé Linux kò gbọ́ Yorùbá. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò, ìkanra ni.

Àyẹ̀wò ni pé kí a sọ ìṣòro náà di kékeré títí tí kò fi ní lè kéré mọ́. Ẹ mú ìlà kan tí grep rí àti ìlà kan tí kò rí, kí ẹ kó wọn sínú fáìlì mìíràn. Ẹ gé wọn títí tó fi ku ọ̀rọ̀ Lẹ́kkí nìkan, kí ẹ tún gé e títí tó fi ku ẹ́. Ẹ wá wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń rí nígbà tí ẹ̀yin ń rí lẹ́tà yẹn:

printf 'ẹ́' | od -An -tx1

Ẹ lẹ ẹ́ tó wá láti ìlà àkọ́kọ́ sínú àṣẹ náà, lẹ́yìn náà ẹ lẹ ti ìlà kejì. Ọ̀kan lè mú e1 ba b9 cc 81 jáde. Òmíràn lè mú 65 cc a3 cc 81 jáde. Ìkẹta tún wà, c3 a9 cc a3. Lójú ènìyàn, ẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Nínú kọ̀ǹpútà, àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì òkè tí a gbé lé e. Ìkejì jẹ́ e lásán, àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì òkè. Ìkẹta jẹ́ é tí a wá fi àmì abẹ́ kún. Unicode, tó ń fún àwọn lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9, ó sì fún é ní 00E9. Kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹ̀, ọ́ àti ọ̀. Àkójọ ni gbogbo wọn, ohun tí a bá sì ń kó jọ, ó lè ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà kó o jọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìtẹ̀wé yẹn ni pé kíbọọ̀dù tí òǹtẹ̀wé kan ń lò yàtọ̀ sí ti èkejì.

Unicode fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi ìlànà lélẹ̀ fún sísọ wọn di ẹyọ kan, èyí tó ń jẹ́ NFC. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ gba àpò ètò icu-devtools, kí ẹ wá tẹ:

uconv -x any-nfc adiresi.txt > adiresi-tuntun.txt

Gbogbo ẹ́ inú fáìlì tuntun náà á di e1 ba b9 cc 81, iye tí grep bá kà nínú rẹ̀ á sì bá ti ojú mu, bí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá náà bá wà ní NFC.

Ṣé àléébù grep wá ni? Lójú tèmi, rárá. Iṣẹ́ tí a rán grep ni pé kó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ètò tí a ṣe fún gbogbo ènìyàn ni, irú èyí tí a fi ń wá fáìlì tàbí tí a fi ń kọ lẹ́tà, tó sì sọ fún òǹkọ̀wé Yorùbá pé ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kò sí, àléébù ni mo kà á sí, ó sì yẹ ká fi í sùn. Ẹni tó ń tẹ ìwé ìsìnkú kò yẹ kó mọ ohun tí NFC jẹ́.

Àmì tó yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀

Àléébù kejì tí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá máa ń bá pàdé ni àmì òkè tí kò jókòó sórí lẹ́tà rẹ̀: ó lè yẹ̀ sápá ọ̀tún, ó lè gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, àmì abẹ́ sì lè gé ìdí ọ. Ètò mẹ́rin ni lẹ́tà kan ń gbà kọjá kó tó dé ojú wa. Kíbọọ̀dù ló ń pinnu nọ́ńbà tó wọlé. Linux ní ìtò kíbọọ̀dù Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà, ẹ lè yàn án nínú Settings lórí GNOME. Fọ́ọ̀ǹtì ló ní àwòrán lẹ́tà, òun ló sì ń sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. HarfBuzz ló ń ka ìtọ́sọ́nà inú fọ́ọ̀ǹtì, tó ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ètò tí ẹ ń lò, bóyá LibreOffice tàbí Firefox, ló ń gbé e sójú kọ̀ǹpútà.

Ẹyọ kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ti wà, kí ẹ yí fọ́ọ̀ǹtì rẹ̀ sí Noto Sans tàbí DejaVu Sans. Bí àmì bá padà sáyè rẹ̀, fọ́ọ̀ǹtì àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá padà, ẹ fi fọ́ọ̀ǹtì náà sílẹ̀, kí ẹ ṣí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ètò mìíràn. Àṣẹ fc-list :lang=yo á to orúkọ àwọn fọ́ọ̀ǹtì tó ní gbogbo lẹ́tà Yorùbá fún yín, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀ǹtì lè ní lẹ́tà kó má mọ ibi tí àmì ń jókòó, nítorí náà ẹ má fi orúkọ inú àtòjọ yẹn ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú hb-view, tó wá pẹ̀lú àpò ètò libharfbuzz-bin lórí Debian. Ó máa ń fi fọ́ọ̀ǹtì àti HarfBuzz ya ọ̀rọ̀ náà, láìsí ètò bíi LibreOffice tàbí Firefox láàárín. Bí hb-view bá yà á dáadáa, tí LibreOffice kò sì yà á dáadáa pẹ̀lú fọ́ọ̀ǹtì kan náà, LibreOffice ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ìfiwéra yìí bọ́gbọ́n mu nítorí pé láti ẹ̀dà 5.3, tó jáde lọ́dún 2017, HarfBuzz náà ni LibreOffice ń lò níbi gbogbo.

Ẹnu ọ̀nà ta ni kí a kàn?

Ẹni tó bá ń lo Debian lè tẹ reportbug. Ẹni tó ń lo Ubuntu lè tẹ ubuntu-bug pẹ̀lú orúkọ ètò náà, Launchpad ni yóò gbé e lọ. Ti Fedora ń lọ sí Bugzilla ti Red Hat. GNOME ní GitLab tirẹ̀, LibreOffice ní Bugzilla, fọ́ọ̀ǹtì Noto wà lórí GitHub. Bí ẹ bá ti dá ètò tó jẹ̀bi mọ̀ dájú, ó dára kí ẹ lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kó Linux yín jọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnìkan ti sọ ọ́ ṣáájú. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀rí tiyín kún un. "Èmi náà" lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ dátà náà ṣe pàtàkì fún wa: bí ètò bá ṣubú, fáìlì ìṣubú tí ubuntu-bug fẹ́ fi ránṣẹ́ lè tóbi, ẹ wo iye rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ẹ wo ìròyìn yìí: "Yorùbá kò ṣiṣẹ́ lórí LibreOffice. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè tún un ṣe." Kò sí ohun tí ẹni tó gbà á lè fi ṣe. Ẹ wá wo èyí:

"Àmì òkè lórí ẹ́ máa ń yẹ̀ sápá ọ̀tún nínú Writer. Ohun tí mo ṣe: mo ṣí ìwé tuntun, mo yan fọ́ọ̀ǹtì báyìí báyìí, mo lẹ ọ̀rọ̀ Lẹ́kkí mọ́ ọn (nọ́ńbà ẹ́ ni 1EB9 àti 0301). Ohun tí mo rí: àmì náà wà lórí k àkọ́kọ́. Ohun tí mo retí: kí ó wà lórí ẹ. Pẹ̀lú Noto Sans, ó jókòó dáadáa. hb-view ya fọ́ọ̀ǹtì àkọ́kọ́ náà dáadáa. Ẹ̀dà LibreOffice, ẹ̀dà Linux, Wayland tàbí X11: wọ́n wà nísàlẹ̀."

Àṣẹ cat /etc/os-release á sọ ẹ̀dà Linux, echo $XDG_SESSION_TYPE á sọ bóyá Wayland ni tàbí X11, ọ̀nà méjì tí Linux ń gbà fi àwòrán hàn, ojú ìwé About inú LibreOffice á sì sọ ẹ̀dà tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín: ará Jámánì àti ará Japan tó ń fi àléébù sùn náà kò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè abínibí. Gbólóhùn kúkúrú ló dára jù.

Ohun kan wà tí òǹkọ̀wé Yorùbá gbọ́dọ̀ fi kún ìròyìn rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní nílò. Ẹni tí yóò kà á kò mọ bí ẹ́ ṣe yẹ kó rí. Ẹ lè fi àwòrán àmì tó yẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kó wò ó títí, kó ní òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ fi àwòrán méjì sí i, èyí tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì sọ ní gbólóhùn kan pé àmì ohùn ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ní Yorùbá. Láìsí gbólóhùn yẹn, ó lè rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Debian ní ìpele méje fún bí àléébù ṣe lágbára tó, láti critical dé wishlist. Àmì tó yẹ̀ kò tó critical, nítorí àwọn àléébù tó ń ba gbogbo kọ̀ǹpútà jẹ́ tàbí tó ń pa dátà run ni ipò yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí wọ́n fi í sí wishlist, nítorí kì í ṣe ohun tuntun la ń tọrọ.

Gbogbo ayé ló lè ka ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀. Ẹ ka àkọsílẹ̀ journalctl láti òkè délẹ̀ kí ẹ tó lẹ ẹ́: orúkọ yín, orúkọ Wi-Fi ilé, àdírẹ́sì oníbàárà, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Fáìlì oníbàárà tòótọ́ kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a gé kù ti tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ẹnìkan lè dáhùn pé kí ẹ dán ẹ̀dà tuntun wò. Ẹ dán an wò, kí ẹ sì dá a lóhùn, kódà bí ó bá ti ṣiṣẹ́. Wọ́n lè ti ìròyìn tí kò sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ pa, kí àléébù náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kọ ọ̀rọ̀ náà ọ̀rẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta tí od yóò fi fi nọ́ńbà tó yàtọ̀ hàn fún ẹ́. Fi uconv sọ wọ́n di ọ̀kan, kí o sì fi grep jẹ́rìí sí i.

2. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Ṣàngótẹ̀dó ní aago laptop òun fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lọ́ra. Ṣé Windows àti Linux ló ń bára wọn jà? Sọ ohun tí iye yẹn fi hàn, àti ohun tí o máa yẹ̀ wò lẹ́yìn náà.

3. Wá fọ́ọ̀ǹtì kan lórí kọ̀ǹpútà iléèwé yín tí àmì kò ti jókòó dáadáa lórí ọ̀. Fi hb-view dá ètò tó jẹ̀bi mọ̀. Kọ ìròyìn rẹ̀ ní Yorùbá, kí o sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Bí kò bá lè mú kí àléébù náà tún wáyé lójú ara rẹ̀ láìbi ọ́ ní ìbéèrè kankan, tún ìròyìn náà kọ. Bí ó bá lè ṣe é, fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ètò tó jẹ̀bi náà.